Mọ́tò Wa, Gbèsè Mi

Ọjọ́ Àjíǹde ọdún 1972 bọ́ sí ọjọ́ kejì oṣù kẹrin. Ọjọ́ náà gan-an ni ìjọba àpapọ̀ dá pé kí gbogbo ọkọ̀ ní Nàìjíríà kúrò ní apá òsì títì, kí wọ́n máa gba apá ọ̀tún. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni mí. Ilé hẹdimásítà kan ní ìlú Òsì ni mo ń gbé, bí ọ̀pọ̀ ọmọ ìgbà náà ṣe máa ń gbé ọ̀dọ̀ olùkọ́: mò ń pọn omi, mò ń ṣán koríko, mo sì ń fọ mọ́tò. Morris Minor ni mọ́tò ọ̀hún, aláwọ̀ eérú, ó kéré débi pé bí ọ̀gá wa bá ti wọ inú rẹ̀, àfi kó ṣí fìlà kalẹ̀ sórí itan.

Odindi ọ̀sẹ̀ kan ni rédíò fi ń tẹnu mọ́ ọ̀rọ̀ náà. Nídìí ẹmu, bàbá kan béèrè pé, "Wọ́n ní ká fi òsì sílẹ̀. Ṣé àwa ará Òsì náà ni wọ́n ń bá wí?" Wọ́n rẹ́rìn-ín títí ẹmu fi fẹ́rẹ̀ẹ́ dànù. Ọ̀gá wa ò bá wọn rẹ́rìn-ín. Ó ti rí ìyọnu tó ń bọ̀. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì tó ṣe Morris, apá òsì ni wọ́n ń gbà nílùú tiwọn, nítorí náà apá ọ̀tún ni sítíárín rẹ̀ wà. Bí a bá ti wá bọ́ sí apá ọ̀tún títì, ẹ̀bá igbó ni awakọ̀ yóò máa jókòó sí. Bí lọ́rì bá dí i níwájú, kò ní rí nǹkan kan mọ́ àfi ìdí lọ́rì àti ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ sí i.

Bí mo ṣe di ojú ọ̀gá wa nìyẹn. Láti ọjọ́ Àjíǹde yẹn lọ, èmi ló ń jókòó sí apá òsì, tí mo ń yọ orí síta bí adìyẹ tí wọ́n dì sínú agbọ̀n. "Ó dá, sà!" Ọ̀gá á tẹná. "Kò dá, sà!" Ọ̀gá á fà sẹ́yìn, á sì pòṣé. Lọ́jọ́ kan, lójú ọ̀nà Òmù-Àrán, Bedford kan tó kó iṣu dí wa lójú. Mo yọjú wò ó, mo ní ó dá. Kò dá. Lọ́rì mìíràn ń sọ̀kalẹ̀ bọ̀ láti orí òkè, eruku pupa lẹ́yìn rẹ̀ bí aṣọ egúngún. Ọ̀gá já sítíárín padà, táyà fi ẹ̀bá ọ̀nà họra, a bọ́. Kò sọ̀rọ̀ títí a fi délé. Nígbà tí mo gbé oúnjẹ rẹ̀ kalẹ̀ tán, ó fún mi ní ìwé àti pẹ́ńsù, ó ní kí n kọ ọ́ nígbà ọgọ́rùn-ún: "N kò gbọdọ̀ sọ pé ọ̀nà dá nígbà tí kò dá." Mo ti ka ọ̀pọ̀ ìwé lẹ́yìn ìgbà náà, mo sì gba oyè olùkọ́. N kò tíì rí ẹ̀kọ́ tó wúlò fún mi tó ìyẹn.

Morris yìí kò ní iná tó ń ṣẹ́jú bí ọkọ̀ bá fẹ́ yà. Ọwọ́ kékeré kan ló ní, aláwọ̀ ọsàn, tó sá pamọ́ sínú òpó ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn. Bí ọ̀gá bá yí bọ́tìnnì, ọwọ́ náà á nà jáde bí ọwọ́ ọmọ tó mọ ìdáhùn ní kíláàsì. Ìgbà mìíràn á há. Ọ̀gá á fi ìkúùkù gbá òpó náà lẹ́ẹ̀kan, ọwọ́ á yọ. Àwọn ọmọ Ọ̀bọ̀-Ayégúnlẹ̀ ti mọ̀ ọ́n, bí wọ́n bá ti gbúròó wa, wọ́n á tò sí oríta, wọ́n á máa ké pé, "Na ọwọ́! Na ọwọ́!" Mo ti dàgbà kí n tó kà á pé ọkùnrin tó ya mọ́tò yẹn, Alec Issigonis, Smyrna ní ilẹ̀ Tọ́kì ni wọ́n bí i sí, pé 1948 ni Morris Minor kọ́kọ́ jáde, pé òun sì ni mọ́tò Gẹ̀ẹ́sì àkọ́kọ́ tí iye rẹ̀ pé mílíọ̀nù kan. Ọkùnrin náà fẹ́ràn ohun kékeré. Òun kan náà ló ṣe Mini ní 1959. Ká ní mo mọ̀ ọ́n nígbà náà, ǹ bá kọ lẹ́tà sí i nípa ọ̀rọ̀ fìlà ọ̀gá wa.

Nígbà tí Morris kò lè lọ mọ́, ẹnì kan ní Ìlọ́fà rà á. Kò rà á láti wà. Ó tú àga ẹ̀yìn rẹ̀, ó gbé e sí pálọ̀, ó fi aṣọ bò ó. Mo ti jókòó lórí àga yẹn rí, tí wọ́n gbé ìyán síwájú mi. Bí mo ṣe jókòó, ara mi sọ fún mi pé mo ti mọ ibẹ̀ rí. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ pé, "Ó dá, sà."

Ní 1975, lẹ́yìn àfikún owó oṣù tí a ń pè ní owó Udoji, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba gba àjẹsílẹ̀ owó oṣù, títì wa sì yí padà lójijì. Honda àti Suzuki pọ̀ bí eéṣú. Datsun dé, Opel Kadett dé. Ní Òjó, lẹ́bàá Èkó, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í to Volkswagen lọ́dún náà, àwọn ará Kàdúná náà sì ń to Pijó. Ilé ẹ̀kọ́ ni mo wà. Mo kàn ń wò ni. Ṣùgbọ́n mo ti fi ọkàn mú èyí tí màá rà.

Ìjàpá ni. Ta ni kò mọ Ìjàpá nígbà náà? Kò sẹ́ni tó ń pe Volkswagen ní orúkọ tí àwọn ará Jámánì fún un. Ẹ̀yìn rẹ̀ rìbìtì, ó ń rìn bí ẹni tí kò kánjú, ó sì ń débi tó ń lọ. Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà àti díẹ̀ ṣáájú ọjọ́ Àjíǹde tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, ní ọjọ́ 17 oṣù kejì 1972, Ìjàpá gba ipò lọ́wọ́ Ford Model T, ó di mọ́tò tí wọ́n tíì ṣe jù lọ láyé: 15,007,034 ni iye rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Bí ìtàn àlọ́ ṣe máa ń rí náà nìyẹn. Ìjàpá kì í sáré, síbẹ̀ òun ni à ń bá nílé.

Mo gba ìwé ẹ̀rí NCE, wọ́n gbé mi lọ kọ́ni ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní agbègbè wa, mo sì tọrọ ẹ̀yáwó mọ́tò. Ní 1981 ni owó náà jáde. Ọdún mẹ́fà gbáko ni wọ́n máa fi gé e lára owó oṣù mi. Ìlọrin ni mo ti rí èyí tí mo rà: Ìjàpá 1300, èyí tí wọ́n tò ní Òjó ní 1976, aláwọ̀ ojú ọ̀run, nọ́ńbà rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú KW. Ẹni tó tà á fún mi lù ú lẹ́yìn, ó ní, "Tíṣà, ẹ máa yí epo ẹ́ńjìnnì rẹ̀ déédéé. Tó bá ti rí ìyẹn, kò sọ́rọ̀." Mo gba Àjàṣẹ́-Ìpo, mo gba Òmù-Àrán, mo wà á wálé ní ọjọ́ Sátidé. Mo rọra wà á débi pé ẹnì kan tó gun alùpùpù kọjá lára mi, ó bojú wẹ̀yìn wò mí bóyá ara mi yá.

Ìyá mi jáde. Wọ́n fọwọ́ lẹ́yìn, wọ́n yí i po lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n ní kí n ṣí i. Mo ṣí iwájú: ihò ẹrù, àgbá epo àti táyà ìpamọ́. Wọ́n ní, "Ẹ́ńjìnnì dà?" Mo mú wọn lọ sẹ́yìn, mo gbé ìdérí sókè. Wọ́n wò ó fún ìgbà díẹ̀, ni wọ́n bá pàtẹ́wọ́.

"Hàáà! Ó pọn ọmọ!"

Abiyamọ ni orúkọ rẹ̀ láti ọjọ́ náà. Ìyá mi ò pè é ní Ìjàpá rí, wọ́n ní Ìjàpá olè ni, kì í ṣe orúkọ ohun tí èèyàn fi owó rẹ̀ rà. Ohun kejì tí wọ́n ṣe lọ́jọ́ náà ni mi ò fura sí. Wọ́n rán ọmọ sí ilé àbúrò wọn, wọ́n rán sí ilé ìyàwó ẹ̀gbọ́n wọn, wọ́n rán sí Odò-Ọ̀wá: "Ẹ wá wo mọ́tò ulé wa." Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá gbọ́ Èkìtì á mọ ohun tó wà nínú gbólóhùn yẹn. Mọ́tò ilé wa. Kì í ṣe mọ́tò ọmọ mi.

Ọ̀sẹ̀ kan kò pé tí ọ̀rọ̀ náà fi gba ìlú. Mọ́tò wa ni wọ́n fi gbé ìyàwó lọ sí Ìdófin. Mọ́tò wa ló lọ mú àlùfáà ní Àràròmí-Ọ̀pin. Ààfin ránṣẹ́ pé kí mọ́tò wa gbé àlejò lọ sí Ìlọ́fà. Bí mo bá délé láti ilé ẹ̀kọ́, màá bá èèyàn mẹ́ta lórí bẹ́ǹṣì, wọ́n á ní, "Tíṣà, ẹ kú iṣẹ́ o. Ṣé mọ́tò wa ò ní jáde ni?" Kò sẹ́ni tó ń sọ pé mọ́tò yín. Àmọ́ ní ìparí oṣù, nígbà tí wọ́n bá ń gé owó ẹ̀yáwó, èmi nìkan ni wọ́n ń gé. N kò rí ẹni tó wá sọ pé, "Tíṣà, gbèsè wa dà?"

N ò ráhùn. Bóyá mo ráhùn díẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ òtítọ́: adùn ńlá ni kí ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún jẹ́ ẹni tí àgbà ń dúró dè lórí bẹ́ǹṣì.

Ohun kan ṣoṣo ni mo kọ̀. Wọ́n fẹ́ fi í gbé òkú láti Ìlọrin. Èmi ò tiẹ̀ tíì dáhùn tí ìyá mi fi bá mi dáhùn: "Abiyamọ kì í gbé òkú." Ọ̀rọ̀ tán.

Ẹni tó bá ti wakọ̀ ní ìhà ọ̀dọ̀ wa mọ àwọn òkè ibẹ̀. Ọ̀nà á gùn, á yí, á tún gùn. Nígbà ẹ̀rùn erùpẹ̀ rẹ̀ dà bí ìyẹ̀fun, nígbà òjò ó di ọṣẹ. Àwọn mọ́tò ńlá á gùn ún dé ìdajì, rédíétọ̀ á hó, wọ́n á dúró, awakọ̀ á gbé kẹ̀ǹgbẹ̀ wá inú odò. Abiyamọ kò ní rédíétọ̀. Atẹ́gùn ni fáànù ń fẹ́ sí i lára, kò mu omi, kò bèèrè omi. Ó máa ń gun òkè ní jíà kejì, á máa sọ pàkà-pàkà-pàkà, á sì kọjá lára Pijó tó ṣí ẹnu sílẹ̀ tí èéfín ń jáde. Awakọ̀ lọ́rì kan ní Ẹ̀kan-Méje kò gbà. Ó gbé ike omi wá fún mi, ó ní òun kò lè wo kí mọ́tò máa jìyà òùngbẹ. Mo ṣàlàyé, ó mi orí. "Ràkúnmí lẹ gùn wá," ló wí.

Níbi tí mo gbádùn ọ̀rọ̀ mọ́tò yìí jù ni ọjọ́ tí bàbá kan tó ti kọ́ṣẹ́ gbígbẹ́ ère lójú ayé rẹ̀ wá jókòó tì í. Òsì ìlú agbẹ́gilére ni. Arẹ̀ógún tó kú ní 1954, ọmọ rẹ̀ Bándélé, àti Bámigbóyè ti ìhà Odò-Ọ̀wá, iṣẹ́ wọn wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ní ilẹ̀ òkèèrè. Bí ẹ bá rí orí Ẹ̀pà tí ẹsẹ̀ ẹṣin rẹ̀ dúró gírígírí, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ìhà ọ̀dọ̀ wa ló ti wá. Bàbá yìí ò dé òkìkí wọn, ṣùgbọ́n ó mọ igi. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ ra fẹ́ńdà Abiyamọ láti iwájú dé ẹ̀yìn, kò yára.

"Ta ló gbẹ́ ẹ?"

Mo ní, "Bàbá, wọn ò gbẹ́ ẹ. Irin ni wọ́n tẹ̀ nínú ẹ̀rọ."

"Mo gbọ́. Ta ló gbẹ́ èyí tí ẹ̀rọ fi wò ó ṣe?"

Mo sọ orúkọ Ferdinand Porsche fún un. Ó gbìyànjú láti pè é, ó jáwọ́. Ó ní kò síbi tí ọwọ́ òun ti kọsẹ̀ láti iwájú dé ẹ̀yìn, pé ẹni tó bá lè ṣe bẹ́ẹ̀ á gbẹ́ ìyá ọlọ́mọ dáadáa. N kò sọ fún un pé Hitler ló paṣẹ mọ́tò náà. Ọjọ́ náà dára jù fún irú ìtàn bẹ́ẹ̀.

Abiyamọ ní àbùkù tirẹ̀. Abẹ́ àga ẹ̀yìn ni wọ́n gbé bátìrì rẹ̀ sí, àga náà sì jẹ́ wáyà kíká tí wọ́n fi ohun bí koríko gbígbẹ kún. Ó yẹ kí ìdérí wà lórí bátìrì. Tèmi ti sọnù kí n tó rà á, mi ò sì mọ̀ pé ó yẹ kó wà. Ní ọjọ́ ọjà kan, ìyá mẹ́ta ní kí n gbé àwọn, gbogbo wọn ló sì jẹun kánú. Ihò iwájú kún fún iṣu. Èyí tó sanra jù nínú wọn jókòó sí apá ọ̀tún, gẹ́lẹ́ lórí bátìrì. Kò pẹ́ tí a gbéra, ó ní, "Tíṣà, àga yín mà móoru." Mo ní oòrùn ni. A lọ díẹ̀. "Tíṣà, oòrùn yìí ń ta mí nídìí o." Kí n tó wo ẹ̀yìn, èéfín ti ń yọ láàárín ẹsẹ̀ wọn.

Ilẹ̀kùn méjì péré ni Ìjàpá ní. Bí wọ́n ṣe gba ibẹ̀ jáde, mi ò mọ̀ títí dòní. Mo kàn rí i pé èmi nìkan ló kù nínú mọ́tò. A fa àga jáde, a da erùpẹ̀ lé e. Ìyá náà yí ẹ̀yìn sí àwọn yòókù pé kí wọ́n bá òun wo aṣọ òun. Ihò kan wà níbẹ̀, ó tó kọ́bọ̀ mẹ́wàá. Láti ọjọ́ yẹn, bí ó bá fẹ́ bá wa lọ, á ti gbé ẹni tirẹ̀ dání, á tẹ́ ẹ, á kọ́kọ́ béèrè pé, "Ẹ ti bu omi pa iná ibẹ̀?" Mo gé táyà àlòkù, mo fi bo bátìrì. Títí mo fi gbé mọ́tò náà sílẹ̀, táyà yẹn ló wà níbẹ̀.

Fánbẹ́ẹ̀tì ni àbùkù kejì. Okùn rọ́bà kan ṣoṣo ló ń yí jẹnẹrétọ̀ àti fáànù tó ń fẹ́ ẹ́ńjìnnì. Bí ó bá já, iná pupa á tàn níwájú awakọ̀, àfi kó dúró lójú ẹsẹ̀, torí ẹ́ńjìnnì ò ní atẹ́gùn mọ́. Ó já fún wa lọ́nà Àjàṣẹ́-Ìpo, lọ́jọ́ tí mo ń gbé ìyá mi lọ rí dókítà ojú. Ìyàwó mi wà lẹ́yìn, ó pọn àkọ́bí wa. Kò sí fánbẹ́ẹ̀tì ìpamọ́. Àwọn awakọ̀ máa ń sọ pé ìbọ̀sẹ̀ gígùn àwọn obìnrin òyìnbó ni wọ́n fi ń so ó, ṣùgbọ́n ta ló wọ ìbọ̀sẹ̀ nínú wa? Ìyá mi na ọwọ́ sí ìyàwó mi.

"Tú ọ̀já ẹ."

A lọ́ ọ̀já náà bí okùn, a fi kọ́ ibi tí fánbẹ́ẹ̀tì ń gbà, a ta kókó rẹ̀, mo gé ìrù kókó náà. Ìyá mi gbé ọmọ lé itan. Mo tan ẹ́ńjìnnì. Fáànù yí! A pariwo. A rìn bíi máìlì kan, òórùn aṣọ tó ń jó kún inú mọ́tò, a sì gbọ́ ohùn kan bíi pé wọ́n fa aṣọ ya. Iná pupa tún tàn. A dúró títí ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó gun Suzuki fi lọ bá wa ra fánbẹ́ẹ̀tì, wákàtí mẹ́ta. Ẹnikẹ́ni tó bá sọ fún yín pé ọ̀já lè gbé Ìjàpá dé Ìlọrin, irọ́ ló ń pa. Ṣùgbọ́n ó gbé wa rìn ní máìlì kan, ìyá mi sì sọ ìtàn náà títí wọ́n fi kú ní 1997: "Ọ̀já Abiyamọ já, a fi ọ̀já abiyamọ so ó." Nígbà tí wọ́n bá ń sọ ọ́, ọ̀já náà ti gbé wa dé Ìlọrin, ó tún gbé wa padà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti òru kan, oṣù Ọ̀pẹ ọdún 1984. Ọyẹ́ ń mú. Ó tó oṣù mélòó kan tí wọn ò ti sanwó fún wa, àwọn olùkọ́ ń fi ọgbọ́n jẹun, epo inú mọ́tò kò ju ìdá kan nínú mẹ́rin lọ. Ẹni kan kan ilẹ̀kùn ní nǹkan bí aago mọ́kànlá. Aládùúgbò ni. Ìyàwó rẹ̀ ń rọbí láti àárọ̀, agbẹ̀bí ìlú ti ní agbára òun ò ká a mọ́. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé mọ́tò wa."

Iná iwájú kan ló ń tàn. A gbé obìnrin náà sí ẹ̀yìn, agbẹ̀bí di orí rẹ̀ mú, ọkọ rẹ̀ jókòó sí ẹ̀gbẹ́ mi, ó di tọ́ṣì mú síta ojú fèrèsé bíi pé ìyẹn ni iná kejì. A bọ́ sí títì Erùkù, a dojú kọ Ẹ̀gbẹ̀, níbi tí ilé ìwòsàn àwọn míṣọ́nnárì SIM wà, tó ti di ti ìjọ ECWA. Kwara ṣì ni Ẹ̀gbẹ̀ nígbà náà. 1991 ni wọ́n tó gé e sí Kogi. N kò lè sáré, torí gbogbo kòtò ló ń mú obìnrin náà ké. N kò sì lè rọra, torí agbẹ̀bí ń sọ fún mi létí pé kí n má ṣe rọra. Mo ń wo ojú ìwọ̀n epo. Mo ń wo iná pupa tí kò tàn. Ọkọ rẹ̀ ò sọ̀rọ̀ kan àfi, "Ó dá, Tíṣà. Ó dá." Mo rántí ìlà ọgọ́rùn-ún tí mo kọ, mo gbàdúrà pé kó dá lóòótọ́.

Ohùn Abiyamọ pọ̀ lóru. Ká tó dé ẹnu ọ̀nà, ẹni tó ń ṣọ́ ilé ìwòsàn ti gbọ́ wa láti òkèèrè, ó ti ṣí géètì sílẹ̀. Kò bí i sọ́nà; bó bá bí i sọ́nà ni, orúkọ ọmọ náà ti wà nílẹ̀. Obìnrin ló bí, ní nǹkan bí aago mẹ́rin ìdájí. Mo sùn nínú mọ́tò, mo ká ẹsẹ̀ mọ́ra bí ìgbín. Nígbà tó mọ́, ọkọ rẹ̀ ra epo sínú rẹ̀. Òun ni ẹni àkọ́kọ́ nílùú tó ra epo sí mọ́tò wa.

Lẹ́yìn náà nǹkan bẹ̀rẹ̀ sí í le. Kọ́bọ̀ ogún ni à ń ra lítà epo kan láti 1982. Ní ìparí oṣù kẹta 1986 ó di kọ́bọ̀ mọ́kàndínlógójì àtààbọ̀. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún kan náà, ètò àtúntò ọrọ̀ ajé tí wọ́n ń pè ní SAP tú náírà sílẹ̀ lọ́jà, iye rẹ̀ já bọ́, owó ẹ̀yà ara ọkọ̀ sì fò sókè. Àwọn ará Jámánì ti dáwọ́ Ìjàpá dúró ní ilẹ̀ tiwọn láti 1978. Mo san ìyókù ẹ̀yáwó mi tán ní 1987. Ní ọdún tí mọ́tò náà di tèmi pátápátá, n kò lágbára láti ra kábúrétọ̀ fún un mọ́.

Àlòkù mọ́tò òkè òkun, Tòkunbọ̀, wá dé. Ẹ wo orúkọ tí a fún un: ọmọ tí wọ́n bí lókè òkun tó padà wálé, bíi pé ọmọ wa ni. Àwọn tó wà lórí bẹ́ǹṣì mi bẹ̀rẹ̀ sí í dín kù. Ọmọ ẹni yìí ra Toyota, ọmọ ẹni yẹn ra Nissan. N kò lè sọ pé inú mi ò dùn sí wọn. Ṣùgbọ́n mo ṣàkíyèsí pé kò sẹ́ni tó pe Toyota yẹn ní mọ́tò wa. Mọ́tò ọmọ Lágbájá ni. Gíláàsì rẹ̀ ṣókùnkùn, ẹ̀rọ amúlétutù ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀, a kì í mọ ẹni tó wà níbẹ̀ títí yóò fi kọjá. Nínú Ìjàpá, kò sí bí èèyàn ṣe lè fara pamọ́. Bí mo bá ti kọjá ọjà, mo ti kí èèyàn ogún.

Ní 1994, nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ epo daṣẹ́ sílẹ̀ lẹ́yìn ọ̀rọ̀ ìdìbò June 12, mo tò fún epo ní Òmù-Àrán láti òwúrọ̀ dé alẹ́, mo padà wálé pẹ̀lú ohun tó wà nínú àgbá tẹ́lẹ̀. Mo wà á sábẹ́ igi máńgòrò lẹ́yìn ilé. Mo ní tí epo bá ti dé, màá gbé e jáde. Epo dé. N kò gbé e jáde.

Ọjọ́ 30 oṣù keje 2003 ni wọ́n ṣe Ìjàpá tó kẹ́yìn, ní Puebla ní Mẹ́síkò, 21,529,464 ni iye gbogbo wọn. Rédíò ni mo ti gbọ́ pé ó ti tán. Mo jáde lọ sábẹ́ máńgòrò, mo gbé ìdérí ẹ̀yìn sókè. Aláǹgbá méjì sá jáde. Adìyẹ kan ti sàba sínú ihò iwájú, lórí àpò iṣu àtijọ́. Mo pa bọ́nẹ́ẹ̀tì dé jẹ́jẹ́, mo fi òkúta há a kí atẹ́gùn lè wọlé.

Lọ́dún tó kọjá, ọ̀dọ́mọkùnrin méjì wá láti Ìlọrin. Wọ́n ní àwọn ń wá Ìjàpá tí àwọn lè tún ṣe, wọ́n sì lówó lọ́wọ́. Iye tí wọ́n dá ju gbogbo ẹ̀yáwó mi lọ ní ìlọ́po tí n kò lè ṣírò. Mo ní kí wọ́n fún mi lọ́jọ́ mẹ́ta. Ní ọjọ́ kejì, obìnrin kan wá kí mi pẹ̀lú ọmọ méjì. N kò dá a mọ̀. Ó ní ìyá òun máa ń sọ pé òun fẹ́rẹ̀ẹ́ bí òun sínú mọ́tò kan, òun sì gbọ́ lọ́jà pé wọ́n fẹ́ tà á. Mo mú un lọ sábẹ́ máńgòrò. Ó wo inú rẹ̀ títí. Ó ní, "Bàbá, wọ́n ní ẹ fẹ́ ta mọ́tò wa?"

Mo dá àwọn ọmọ Ìlọrin lóhùn pé kò sí títà.

Mẹkáníìkì tó wò ó sọ pé ẹ́ńjìnnì kò tíì há, pé bátìrì tuntun, táyà mẹ́rin àti kábúrétọ̀ á gbé e dìde. Ohun mẹ́ta ni a ò tíì rí: fẹ́ńdà ẹ̀yìn apá òsì, ìdérí bátìrì, àti fánbẹ́ẹ̀tì méjì, ọ̀kan fún ìlò, ọ̀kan fún ìpamọ́. Ẹni tó bá ní èyíkéyìí nínú wọn tó lè bá wa tà á, kó wá sí Òsì, kó béèrè ilé Tíṣà onímọ́tò. Ọmọdé tó bá kọ́kọ́ pàdé á mú un dé ọ̀dọ̀ wa.